Ìbéèrè Yín: Sáfà mẹ́ta ní Ring Road, ta ni ká fi jẹ mọ́gàjí wọn?

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mò ń mójú tó kọ̀ǹpútà ní ilé ìwòsàn aládàáni kan lẹ́bàá Ring Road, níbí n'Íbàdàn. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mí, èmi nìkan ṣoṣo ni mo sì wà nídìí iṣẹ́ náà. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì márùn-ún tó ti gbó la fi ń ṣe sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí àwọn kọ̀ǹpútà yòókù ń gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀: ọ̀kan fún fáìlì àwọn aláìsàn, ọ̀kan fún ìṣirò owó, ọ̀kan fún yàrá àyẹ̀wò, ọ̀kan fún ìwé tí gbogbo ọ́fíìsì jọ ń lò, ìkarùn-ún fún wẹ́ẹ̀bù àti DNS, èyí tó ń fi orúkọ wá kọ̀ǹpútà rí. Ti yàrá àyẹ̀wò kú lóṣù tó kọjá, ọjọ́ mẹ́ta gbáko la fi ń fọwọ́ kọ èsì. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀gá gbà láti ra sáfà tòkunbọ̀ mẹ́ta, Dell PowerEdge R730. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) méjì, core 14, ìyẹn ọpọlọ kéékèèké, ló wà nínú CPU kan. Méjì nínú wọn ní RAM 128GB, ẹ̀kẹta ní 64GB.

Mo fẹ́ kó gbogbo iṣẹ́ wa sínú VM (kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà), mo sì ń wá sọ́fítíwíà tí yóò máa gbé wọn. Ẹnì kan ti sọ fún ọ̀gá pé VMware nìkan ni àwọn tó mọ iṣẹ́ ń lò. Ẹlòmíràn ní Hyper-V ti Microsoft ni, torí Windows la mọ̀. Proxmox lèmi fi ń kọ́ṣẹ́ lórí laptop mi láti ọdún tó kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n mú? Ọ̀gá ń retí ìdáhùn kí oṣù yìí tó parí.

Àbúrò yín, Ring Road

Àbúrò mi, Proxmox VE ni kí o mú. Mo kọ́kọ́ fi ìdáhùn lé ọ lọ́wọ́ kí o lè rí nǹkan gbé lọ bá ọ̀gá. Ìdí rẹ̀ ló gùn, àti bí wàá ṣe tò ó tí kò fi ní já ọ kulẹ̀.

Fún òǹkàwé tí ọ̀rọ̀ yìí bá ṣe àjèjì sí: sáfà kan lè gbé kọ̀ǹpútà márùn-ún tàbí mẹ́wàá sínú, kí ìkọ̀ọ̀kan wọn sì máa ṣe bí ẹni pé òun nìkan ló ni ẹ̀rọ. Kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà yìí là ń pè ní VM. Sọ́fítíwíà tó wà lábẹ́ wọn, tó ń pín CPU, RAM àti díìskì fún wọn, tí kì í jẹ́ kí ọ̀kan ki ọwọ́ bọ àpò èkejì, òun ni hypervisor; VMware, Hyper-V àti Proxmox, irú rẹ̀ ni wọ́n. Ẹni tó bá dàgbà sí agbo ilé ní agbègbè Mápó, mọ́gàjí ló máa pè é. Yàrá tó ṣófo, òun ló mọ̀ ọ́n. Ẹni tó fẹ́ gba ààyè ju bó ṣe yẹ lọ, òun ló ń dá a dúró. Bí ojúlé kan bá dàrú, òun ló ń rí i pé kò ran àwọn tó kù.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ní irú ìbéèrè tí o bi mí yìí, alẹ́ ọjọ́ Sátidé ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Òjò ń rọ̀, àrá ti sán, wọ́n ti mú iná lọ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín wákàtí kan, sáfà kan kò jí mọ́, nọ́ọ̀sì sì ń pè pé fáìlì aláìsàn kò ṣí. Ta ló ń bọ̀ wá? Kí ló mọ̀? Ta ni yóò rí pè ní aago mọ́kànlá òru? Ní tìrẹ, ìwọ nìkan ló ń bọ̀, Proxmox sì ni ọwọ́ rẹ ti mọ̀. Ìyẹn ti gbé e síwájú lójú mi kí a tó ka owó rárá. Ní ti agbára, kò sí èyí tí kò lè gbé iṣẹ́ ilé ìwòsàn rẹ nínú wọn.

Ẹni tó ní VMware nìkan ni àwọn tó mọ iṣẹ́ ń lò kò purọ́ pátápátá, ọ̀rọ̀ àná ló ń sọ. VMware ni èmi fúnra mi fi jẹun fún ọdún mẹ́wàá ó lé, mi ò ní bú u láé. Ó dúró ṣinṣin. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 2023, Broadcom ra ilé iṣẹ́ náà tán. Kí oṣù kejìlá tó parí, wọ́n ti dáwọ́ dúró láti máa ta láísẹ́ǹsì tí èèyàn ń rà lẹ́ẹ̀kan kó di tirẹ̀. Owó ọdọọdún ló kù báyìí, iye core ni wọ́n sì fi ń kà á. Ní oṣù kejì 2024 wọ́n mú ESXi ọ̀fẹ́, hypervisor VMware fúnra rẹ̀, kúrò. Ó padà dé ní oṣù kẹrin 2025 pẹ̀lú ẹ̀dà 8.0 Update 3e, àmọ́ èyí tó padà dé náà kò lè wọ abẹ́ vCenter, ibi tí wọ́n ti ń ṣàkóso sáfà púpọ̀ pọ̀. Sáfà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ yóò kàn jókòó bí àlejò mẹ́ta tí kò mọ ara wọn rí.

Jẹ́ ká ṣírò tìrẹ gan-an. CPU mẹ́fà, core 14 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, 84 nìyẹn. VMware kì í ka CPU kan sí ohun tó kéré ju core 16 lọ, nítorí náà 96 lo máa san fún, lọ́dọọdún, ní dọ́là. Sọ ọ́ fún ọ̀gá bẹ́ẹ̀, kí òun fúnra rẹ̀ béèrè iye tí wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn ìyẹn, R730 ti dàgbà, 2014 ni Dell gbé irú rẹ̀ jáde. VMware máa ń já àwọn CPU àtijọ́ sílẹ̀ bí ẹ̀dà tuntun bá ti ń dé, ẹni tó bá sì ń ra tòkunbọ̀ bíi tiwa, òun ló kọ́kọ́ máa ń kàn.

Ní 2024, mo kó oníbàárà mi kan ní Dùgbẹ̀ kúrò lórí VMware nítorí owó yìí. VM mọ́kànlá, alẹ́ mẹ́rin. Láti ẹ̀dà 8.2, Proxmox ní ọ̀nà tó fi ń fa VM tààrà láti inú ESXi wọlé, mẹ́wàá nínú wọn sì wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìkọkànlá jẹ́ Windows Server 2012 kan tó kọ̀ láti jí, torí kò ní dráífà VirtIO nínú, èyí tí Windows fi ń mọ díìskì VM, kò sì rí díìskì tirẹ̀. Mo yí díìskì náà sí SATA, irú tí Windows ti mọ̀, ó jí. Mo fi dráífà sí i, mo wá dá a padà sí VirtIO. Fi èyí sọ́kàn, torí ìwọ náà máa bá a pàdé: bí o bá ń fi Windows tuntun sórí Proxmox, tí ó ní òun kò rí díìskì kankan, ISO VirtIO, fáìlì tí dráífà yẹn wà nínú rẹ̀, ló ń wá.

Hyper-V kì í ṣe ohun àtìsẹ́yìn rárá. Bó bá jẹ́ sáfà kan lo ní, tí VM rẹ kò ju méjì lọ, tí méjèèjì jẹ́ Windows, tí ilé ìwòsàn sì ti ra Windows Server Standard, òun ni mo máa ní kí o lò láì ronú lẹ́ẹ̀mejì, torí láísẹ́ǹsì yẹn gan-an ti fún yín ní ẹ̀tọ́ sí VM Windows méjì. Èyí tí wọ́n ń pè ní Hyper-V Server, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, 2019 ni ẹ̀dà rẹ̀ tó kẹ́yìn. Oṣù kìíní 2029 ni Microsoft máa jáwọ́ lára rẹ̀. Má kọ́ ilé tuntun sórí ilẹ̀ tí onílẹ̀ ti dá ọjọ́ tí yóò gbà á padà.

Ibì kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà, mo sì fẹ́ kí o là á yé ọ̀gá kedere. Wọ́n rò pé bí àwọn bá ti gba Proxmox, owó Windows ti tán. Kò tán. VM Windows tó ń gbé lórí Proxmox ṣì gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ǹsì, gbogbo core inú sáfà tó gbé e lo sì máa san fún: 28 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan tìrẹ, fún VM Windows méjì. Bí VM náà bá máa ń ṣí lọ sórí sáfà kejì, sáfà kejì náà gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀. Nítorí náà fi Windows mọ sí ibi tí kò ti ṣeé yẹ̀, ìyẹn fáìlì aláìsàn àti ìṣirò owó, kí àwọn méjèèjì sì máa gbé láàárín sáfà 128GB méjèèjì nìkan. Ìwé tí ọ́fíìsì jọ ń lò lè wà lórí Linux pẹ̀lú Samba, tó ń jẹ́ kí Windows rí fáìlì orí Linux, àwọn tó ń ṣí i kò tilẹ̀ ní mọ̀. DNS àti wẹ́ẹ̀bù lè lọ sórí Debian, irú Linux kan. Ti yàrá àyẹ̀wò, béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ta ètò náà fún yín.

XCP-ng náà wà, tí ilé iṣẹ́ Vates ní Grenoble, nílẹ̀ Faransé, ń ṣe. Xen ló wà nínú rẹ̀, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Cambridge. Ó dára. Bó bá jẹ́ òun ni ọwọ́ rẹ mọ̀, mi ò ní ní kí o kúrò níbẹ̀.

Vienna, lórílẹ̀-èdè Austria, ni àwọn tó ń ṣe Proxmox wà, 2008 sì ni ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Debian ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, KVM ló ń gbé VM, KVM sì ti wà nínú Linux fúnra rẹ̀ láti 2007. Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára rẹ̀ nìyí: lọ́jọ́ tí ojú ìwé ìṣàkóso rẹ̀ bá kọ̀ láti ṣí, Linux lásán ni wàá bá níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó mọ Debian n'Íbàdàn, àwọn ọmọ tó ń jáde láti UI àti Poly lọ́dọọdún, lè jókòó tì ọ́ kó bá ọ wò ó. Bákan náà, kò sí ohun tí wọ́n fi pa mọ́ sẹ́yìn owó. Cluster (síso sáfà pọ̀), replication (dída VM kọ sórí sáfà kejì látìgbàdégbà), backup (ẹ̀dà ìpamọ́), gbogbo rẹ̀ ló wà nínú èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Owó ọdọọdún tí wọ́n ń gbà wà fún ìrànlọ́wọ́ àti fún update tí wọ́n ti yẹ̀ wò dáadáa, iye socket, ojú ibi tí CPU ń jókòó sí, ni wọ́n sì fi ń kà á. Bí o kò bá san án, ìkìlọ̀ kékeré kan á máa yọ nígbà tí o bá wọlé, wàá sì yí ibi tí o ti ń gba update sí no-subscription. Bí ilé ìwòsàn bá lówó lọ́wọ́, kí ọ̀gá san án. Àwọn tó ṣe nǹkan gidi yẹ kí wọ́n jẹun nínú rẹ̀.

Ó yá, bí wàá ṣe tò ó. Ibí ni mo ti bẹ̀ ọ́ kí o fara balẹ̀, torí kò sí hypervisor tó lè gbà ọ́ lọ́wọ́ iná tiwa níbí.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo to sáfà mẹ́ta fún ọ́fíìsì kan ní Bódìjà. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lórí UPS. Mo tan HA fún àwọn VM wọn, kí sáfà kan tó bá kú lè fi tirẹ̀ lé èkejì lọ́wọ́ láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Switch kékeré tó so wọn pọ̀ wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri. Iná lọ, switch kú, àwọn sáfà kò rí ara wọn mọ́. Ìdìbò ni wọ́n fi ń ṣe nǹkan nínú cluster: sáfà tí kò bá sí lára àwọn tó pọ̀ jù kò gbọ́dọ̀ gbé VM tí HA ń ṣọ́, kí méjì má baà máa ṣiṣẹ́ VM kan náà lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wò yíká, ó rí i pé òun nìkan ló kù, nígbà tó fi máa tó ìṣẹ́jú kan, ohun tó ń ṣọ́ ọ ti pa á, ó sì tún un tan. Sáfà mẹ́ta tí kò ní àìsàn kankan, tí iná wà lára wọn, ló kú lẹ́ẹ̀kan náà lọ́sàn-án gangan, nígbà tí àwọn èèyàn ń ṣiṣẹ́. Dátábéèsì kan bàjẹ́ níbẹ̀. Ó dùn mí dọ́kàn, torí èmi ló yẹ kó tẹ̀lé wáyà yẹn dé ara ògiri.

Nítorí náà, switch ni kó kọ́kọ́ wọ orí UPS, kí sáfà tó wọ ibẹ̀. Bí agbára bá ká a, ra switch méjì, kí ọ̀rọ̀ tí àwọn sáfà ń bá ara wọn sọ lè gba ọ̀nà méjì. Má sì tan HA fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. To cluster, jẹ́ kí replication máa lọ. Bí sáfà kan bá kú, fọwọ́ ara rẹ gbé VM rẹ̀ dìde lórí èkejì. Ilé ìwòsàn rẹ lè fara da ìdádúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá ju kí ẹ̀rọ ṣe ìpinnu tí o kò tíì mọ̀ ọ́n kà.

So UPS mọ́ sáfà kan pẹ̀lú wáyà USB, fi NUT, sọ́fítíwíà tó ń ṣọ́ UPS, sórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹni tó rí UPS máa sọ fún àwọn yòókù pé bátìrì ti ń lọ sílẹ̀, kí gbogbo wọn sì pa VM wọn ní ìrọ̀rùn kí iná tó tán. iDRAC, ojú ìṣàkóso inú sáfà Dell, á fi iye wáàtì tí sáfà ń jẹ hàn ọ́. Iye yẹn ni kí o gbé lọ bá ẹni tó ń ta UPS, má ṣe fojú wọ̀n ọ́n. Nínú BIOS Dell, wá ibi tí wọ́n kọ AC Power Recovery sí, kí o sì fún un ní ìdádúró. O mọ̀ bí iná wa ṣe ń ṣe, á dé, á lọ, á tún dé láàárín ìṣẹ́jú méjì. Sáfà tó bá ń jí tó ń kú tẹ̀lé e kò ní pẹ́. Nínú Proxmox, to bí VM á ṣe máa jí tẹ̀lé ara wọn: DNS ṣáájú, dátábéèsì tẹ̀ lé e, ètò tó ń lo dátábéèsì kẹ́yìn.

Ní ti díìskì, yí káàdì PERC H730, tó ń ṣàkóso díìskì, sí HBA mode kí ZFS, ètò tó ń to fáìlì sórí díìskì, lè rí díìskì lójúkojú, kí o sì so wọ́n ní méjì-méjì, kí ọ̀kan máa da ohun tó wà lórí èkejì kọ. Orúkọ pool (àkójọ díìskì náà) gbọ́dọ̀ bára mu lórí sáfà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ replication kò ní gbà. SSD olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ṣe fún laptop máa ń tètè gbó lábẹ́ ZFS, dátábéèsì sì máa ń falẹ̀ lórí rẹ̀. Wá èyí tí wọ́n ṣe fún sáfà, tó ní ààbò fún ìgbà tí iná bá já, kódà kó jẹ́ tòkunbọ̀. Gbé laptop rẹ lọ sí Queen Cinema, so díìskì mọ́ ọn níwájú ẹni tó ń tà á, fi smartctl wo bó ṣe gbó tó kí o tó sanwó. Ẹni tí kò bá jẹ́ kí o wò ó, kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì.

Wọ́n á sọ fún ọ nípa Ceph, tó ń da díìskì gbogbo sáfà pọ̀ di ọ̀kan. Ohun ńlá ni, ṣùgbọ́n ó fẹ́ nẹ́tíwọọ̀kì 10Gb àti ẹni tí kò ní iṣẹ́ mìíràn. ZFS pẹ̀lú replication tó ọ. Ìṣẹ́jú 15 ni Proxmox máa ń fi sí i bí o kò bá yí i, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé bí sáfà bá kú, iṣẹ́ ìṣẹ́jú 15 lè bá a lọ. Fún fáìlì aláìsàn, sọ ọ́ di ìṣẹ́jú 5, kí o sì fẹnu ara rẹ sọ ọ́ fún àwọn dókítà pé iye iṣẹ́ tí wọ́n lè pàdánù nìyẹn. Má jẹ́ kó jẹ́ ọjọ́ tó bá ṣẹlẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

RAM rẹ jẹ́ 320GB lápapọ̀, àmọ́ má ná an tán. Bí ọ̀kan nínú àwọn 128 bá kú, 192 ló kù, Proxmox àti ZFS á sì jẹ nínú rẹ̀. 150GB ni mo máa fi ṣe òpin fún gbogbo VM yín.

Replication kò lè rọ́pò backup. Fáìlì tí ẹnì kan bá ṣèèṣì pa rẹ́ ní aago méjì á ti pa rẹ́ lórí sáfà kejì ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Nínú kọ̀ǹpútà márùn-ún tó gbó yẹn, mú èyí tó lera jù, ra díìskì tuntun méjì sí i, fi Proxmox Backup Server sórí rẹ̀, kí o gbé e sí yàrá mìíràn. Kí òmíràn wà níta ọgbà pátápátá, bóyá ní ilé ọ̀gá, kó máa wá fa ẹ̀dà fúnra rẹ̀ lóru. Ohun tó bá yí padà nìkan ló máa ń gbé, nítorí náà kò ní jẹ dátà yín tán. Fi encryption tì í, torí òfin ìdáàbòbò dátà tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera èèyàn sí ohun tó gba ìṣọ́ra àrà ọ̀tọ̀. Tẹ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sórí ìwé, kí ọ̀gá tì í mọ́ inú àpótí irin. Kọ́kọ́rọ́ tó wà nínú sáfà tó jóná kò lè ṣí nǹkan kan fún ọ mọ́.

Ní Sátidé àkọ́kọ́ lóṣooṣù, jí VM kan dìde láti inú backup lórí sáfà 64GB, láì so ó mọ́ nẹ́tíwọọ̀kì, kí nọ́ọ̀sì kan jókòó ṣí fáìlì mẹ́ta níbẹ̀. Bí ó bá ní ó pé, ó pé.

Má kó gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan. DNS àti wẹ́ẹ̀bù ni kó kọ́kọ́ lọ, fáìlì aláìsàn ni kó kẹ́yìn. Fún Windows tí o kò lè tún fi sí, Disk2vhd ti Sysinternals lè ya gbogbo kọ̀ǹpútà náà sínú fáìlì kan tí Proxmox á gbà wọlé. Kí ẹnikẹ́ni má ta kọ̀ǹpútà àtijọ́ kankan kí oṣù méjì tó kọjá. Àbúrò mi, wá ẹnì kan nínú ilé ìwòsàn yẹn, bóyá akọ̀wé tó fẹ́ràn kọ̀ǹpútà, kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pa VM àti bí wọ́n ṣe ń jí i, kí o kọ ọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá fún un kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri. Ìwọ náà máa ṣàárẹ̀ lọ́jọ́ kan, wàá sì fẹ́ lọ sílé lọ́dún.

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin oníwèé ìròyìn. Mo ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama ní Móníyà. Sáfà méjì la ní. Ọmọ mi ọkùnrin ní a kò lè fi Proxmox so wọ́n pọ̀ àfi tí a bá ra ẹ̀kẹta. Ṣé òótọ́ ni? Owó kò sí.

Ìyá Ilé Ẹ̀kọ́, Móníyà

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Mà. Ọmọ yín ti sún mọ́ òótọ́. Bí ìdìbò bá jẹ́ ti ẹni méjì, tí ọ̀kan kú, ẹni tó kù kò lè pọ̀ ju ìdajì lọ, kò sì ní gbà kí wọ́n ṣe nǹkan tuntun lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n olùdìbò kẹta kò nílò kó jẹ́ sáfà. Raspberry Pi kan tàbí laptop àtijọ́ tó ń lo Debian lè ṣe é. QDevice ni wọ́n ń pè é, kò sì ju pé kó máa dìbò lọ. Kí ó wà lórí UPS pẹ̀lú switch.

Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ bi ọmọ yín bóyá ẹ nílò kí wọ́n so wọ́n pọ̀ rárá. Èsì ìdánwò àti owó ilé ẹ̀kọ́ lè wà lórí sáfà kan, kí èkejì máa gba backup lálaalẹ́. Bí àkọ́kọ́ bá kú, ẹ jí VM dìde lórí èkejì láàárọ̀. Fún ilé ẹ̀kọ́, mo fara mọ́ èyí jù.

Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe ní Ìwó Road. Ẹni tó ta sáfà fún mi bá mi fi VMware sí i pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ láísẹ́ǹsì tó rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọdún méjì nìyí, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣé ewu wà ńbẹ̀?

Atẹ̀wé, Ìwó Road

Ewu wà ńbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi, lọ́nà méjì. Jíjẹ ohun olóhun ni, èyí tó tó fún mi. Èkejì ni pé ẹni tí kò ra láísẹ́ǹsì kì í rí àtúnṣe gbà. Ní oṣù kejì 2023, àwọn olè kan bẹ̀rẹ̀ sí tì VM àwọn èèyàn pa ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, wọ́n ń béèrè owó kí wọ́n tó ṣí i. ESXiArgs ni wọ́n pe ìkọlù náà. Ihò kan nínú OpenSLP, apá kan lára ESXi, ni wọ́n ń gbà wọlé, VMware sì ti gbé àtúnṣe ihò yẹn jáde láti oṣù kejì 2021. Ọdún méjì gbáko ni àwọn tó fara gbá kò fi gba àtúnṣe náà.

Iṣẹ́ oníbàárà ló wà nínú sáfà yín, káàdì ìgbéyàwó àti ìwé àwọn ìjọ. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá yín kó o lọ sórí Proxmox, iṣẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ kan ni bí VM kò bá pọ̀. Kí ẹ tó rí i pè, ẹ yọ ojú ìwé ìṣàkóso ESXi yẹn kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí, ẹ pa OpenSLP, ẹ da VM yín kọ sórí díìskì kan, kí ẹ yọ díìskì náà kúrò lára sáfà kí ilẹ̀ tó ṣú.